Ohùn Tó Ròyìn Eré Tí Ojú Kò Rí

Ìròyìn ò tó àfojúbà. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ó sì ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í dúró yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tó ti ń jà gùdù lọ́kàn mi, nítorí ìtàn ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jaime Jarrín. Láti 1959 títí di 2022, sáà 64 gbáko, Jarrín ló ń ròyìn eré béèsìbọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Los Angeles Dodgers lórí rédíò ní èdè Sípáníìṣì. Ní 1998, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Ford C. Frick, tí kò sí èyí tó ga jù ú lọ fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ béèsìbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní àwọn ọdún tó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí Dodgers bá ti rìnrìn àjò lọ gbá bọ́ọ̀lù nílùú mìíràn, ojú Jarrín kì í rí eré tí ẹnu rẹ̀ ń ròyìn. Inú sítúdíò ló máa ń jókòó sí ní agbègbè Los Angeles. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù wà ní Chicago tàbí Philadelphia, àwọn tó ń gbọ́ ọ wà nílé, nínú ọkọ̀ àti níbi iṣẹ́, tí wọ́n ń hó yèè bí ẹni tó wà létí pápá.

Kí la fẹ́ pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé ìròyìn ni, àbí eré orí ìtàgé? Bó bá sì jẹ́ eré orí ìtàgé, kí ló dé tí bàbá fi gbọ́ ọ, tí ọmọ gbọ́ ọ, tí ọmọ-ọmọ náà tún gbọ́ ọ, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì pè é ní òpùrọ́?

## Ọdún kan tó tọrọ

Cayambe, ní orílẹ̀-èdè Ecuador, ni wọ́n bí Jarrín sí ní December 10, 1935. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni eré ibẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí rédíò HCJB ní Quito. Nígbà tó gúnlẹ̀ sí Los Angeles ní June 1955, ohùn tó já gaara ló mú dání, àti èdè Sípáníìṣì tó mọ́ tónítóní. Kò tíì rí eré béèsìbọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Iṣẹ́ fákítọ̀rì ló kọ́kọ́ ṣe, kó tó rí iṣẹ́ ìròyìn gbà ní KWKW, ilé iṣẹ́ rédíò tó ń sọ èdè Sípáníìṣì.

Ní 1958, Dodgers kó kúrò ní Brooklyn wá sí Los Angeles, KWKW sì gba iṣẹ́ àtimáa ròyìn eré wọn. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà fẹ́ kí Jarrín wà lára àwọn tó máa ṣe é. Ẹ wo ipò tó wà: ọmọ ọdún 22, àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀, iṣẹ́ tó lè sọ ọ́ di ẹni ńlá sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá. Ó ní òun kò tíì mọ eré náà tó, kí wọ́n fún òun lọ́dún kan. René Cárdenas, ọmọ Nicaragua, ló ṣáájú ní 1958, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó ròyìn eré ẹgbẹ́ líìgì àgbà kan ní èdè Sípáníìṣì látìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin. Jarrín ń kàwé, ó ń lọ wòran, ó ń tẹ́tí. Ó di 1959 kó tó bọ́ sídìí gbohùngbohùn, lọ́dún tí Dodgers gba ife ẹ̀yẹ World Series, ìdíje àṣekágbá líìgì àgbà, ní Los Angeles nígbà àkọ́kọ́.

Ní tèmi, ọdún kan yẹn ni gbòǹgbò gbogbo ohun tó tẹ̀lé e, nítorí pé ohun tó ní láti kọ́ kì í ṣe kékeré. Láti ọwọ́ ajubọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ ẹni tó di igi mú (ẹ jẹ́ ká máa pè é ní onígi), mítà 18.44 ni. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá fi agbára jù kì í lò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó dé ibẹ̀. Kò sí ẹnu ènìyàn tó lè bá a sáré. Nítorí náà, ẹni tó ń ròyìn béèsìbọ́ọ̀lù kì í ròyìn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ló ń sọ. Ajubọ́ọ̀lù ń wo àmì tí ẹnìkejì rẹ̀ ń ṣe sí i, ó gbẹ́sẹ̀ sókè, ó jù ú. Ìgbà tí ó bá fi sọ "ó jù ú" tán, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ẹni tó ń gbọ́ rédíò dà bí afọ́jú tí a di lọ́wọ́ mú. Ó ní láti mọ iye bọ́ọ̀lù dáadáa àti bọ́ọ̀lù burúkú tí wọ́n ti kà fún onígi, iye ènìyàn tó ti jáde, ẹni tó wà lórí béèsì (ibùdó tí onígi ń sáré lọ bá) kìíní, ìkejì tàbí ìkẹta, àti ẹgbẹ́ tó ń borí. Bí o bá fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, ọwọ́ afọ́jú ti já. Red Barber, àgbà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó wà pẹ̀lú Dodgers ní Brooklyn, máa ń gbé aago oníyanrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n fi ń se ẹyin síwájú ara rẹ̀; bí iyanrìn bá ti dà tán, á sọ iye àmì ayò, á sì dojú aago náà délẹ̀. Barber ló kọ́ Vin Scully, tó ń ròyìn eré Dodgers lédè Gẹ̀ẹ́sì, níṣẹ́. Scully bá Dodgers wá sí Los Angeles, ó sì di olùkọ́ fún Jarrín.

## Nínú yàrá tí kò ní fèrèsé sí pápá

Owó ìrìn àjò ni kò sí fún àwọn elédè Sípáníìṣì nígbà yẹn. Bí Dodgers bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, Jarrín wà ní pápá. Bí wọ́n bá lọ sí àjò, Scully àti Jerry Doggett, ẹnìkejì rẹ̀, a bá wọn lọ, Jarrín a sì jókòó sí sítúdíò KWKW, a gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí. Ohùn Scully ń wọlé sí i létí lédè Gẹ̀ẹ́sì, tirẹ̀ ń jáde lẹ́nu ní Sípáníìṣì. Ẹ̀ńjíníà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú téèpù ariwo èrò ìwòran.

Lórí tábìlì ni bébà wà tí wọ́n kọ orúkọ onígi mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ẹgbẹ́ méjèèjì sí. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀: 1 ni ajubọ́ọ̀lù, 2 ni ẹni tó lóṣòó sẹ́yìn onígi láti hán bọ́ọ̀lù, títí dé 9. Bí o bá rí 6-4-3 lórí bébà, ohun tó ń sọ ni pé ẹni kẹfà ló he bọ́ọ̀lù nílẹ̀, ó jù ú sí ẹni kẹrin, ẹni kẹrin jù ú sí ẹni kẹta, ènìyàn méjì sì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. K ni wọ́n ń kọ fún onígi tó fi igi gbá afẹ́fẹ́ títí wọ́n fi lé e dànù. Ẹni tó wà ní pápá lè gbójú sókè wo ẹni tó wà lórí béèsì kejì. Ẹni tó wà ní sítúdíò kò ní ibòmíràn tó lè wò ju bébà yìí lọ. Àṣìṣe kan lórí rẹ̀, bí àpẹẹrẹ kó kọ pé ènìyàn kan ti jáde nígbà tó jẹ́ méjì, yóò máa bí àṣìṣe mìíràn títí ìpele yẹn yóò fi parí, nítorí ohùn Scully kò ní dúró dè é.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é tí kì í fi í dàrú? Ọgbọ́n rẹ̀ ni kí o máa fi bọ́ọ̀lù kan gbẹ̀yìn. Láàárín ìgbà tí ajubọ́ọ̀lù ju ọ̀kan sí ìgbà tó máa ju òmíràn, ogún ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń wà. Nínú àlàfo yẹn ni ògbufọ̀ ń gbé. O jẹ́ kí Scully sọ bọ́ọ̀lù yìí dé òpin, kí ìwọ tó bẹ̀rẹ̀ tìrẹ. Bí o bá kánjú, wàhálà dé. Scully lè sọ pé bọ́ọ̀lù ti lọ sókè fíofío ní apá òsì, pé olùṣọ́ apá ibẹ̀ ń fẹ̀yìn rìn, ó ń fẹ̀yìn rìn... Bí ìwọ bá ti figbe ta pé ó ti kọjá ògiri, tí Scully wá sọ pé ó hán an, kí lo fẹ́ sọ? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí o bá sì pẹ́ jù, bọ́ọ̀lù mìíràn ti dé, méjì ti di gbèsè sí ọ lọ́rùn.

Gígùn ọ̀rọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi sílébù méjì sọ, Sípáníìṣì lè fi mẹ́rin sọ ọ́, bíi *cuadrangular*, ọ̀kan lára orúkọ tí wọ́n ń pe bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ògiri. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ Scully ní gbólóhùn sí gbólóhùn ti kú sẹ́nu iṣẹ́. Scully fẹ́ràn ìtàn: a máa sọ ibi tí wọ́n ti bí agbábọ́ọ̀lù kan, ohun tí bàbá rẹ̀ ń ṣe, ohun tó sọ lálẹ́ àná. Ìtàn wọ̀nyẹn ni ẹni tó wà ní sítúdíò máa ń gé dànù, kó lè ráyè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń tú láti inú Gẹ̀ẹ́sì, á wá fi Sípáníìṣì kọ́ ọ ní tuntun, bí ẹni tó tú ilé onípákó tó sì fi igi rẹ̀ kọ́ irú ilé mìíràn.

Iṣẹ́ ẹ̀ńjíníà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò rọrùn jù ú lọ. Ilé onílé ni Dodgers wà. Bí wọ́n bá fi igi gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri ní Philadelphia, pápá á pa lọ́lọ́ ni, nítorí pé èrò Philadelphia ló kún ibẹ̀. Bí ọwọ́ ẹ̀ńjíníà bá yá, tó gbé ariwo ayọ̀ sókè nítorí pé inú òun náà dùn, etí tó mọ béèsìbọ́ọ̀lù á fura. Jarrín ní láti máa yọ̀ lórí ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kó sì máa banú jẹ́ lórí ariwo. Ariwo náà kò gbọdọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀, torí bí èrò bá ti hó kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó sọ pé igi kan bọ́ọ̀lù, téèpù ti túṣìírí. Scully fúnra rẹ̀ ní àṣà kan tó lókìkí: bí ohun ńlá bá ṣẹlẹ̀, á panu mọ́, á jẹ́ kí èrò sọ ìyókù. Ó dára fún ẹni tó wà ní pápá. Fún ẹni tó ń gbọ́ ọ láti òkèèrè kó lè túmọ̀ rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Scully ni ìgbà tí ọwọ́ máa ń di òfo.

Láti 1962 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú líìgì wọn ti ń gbá eré 162 ní sáà kan, ìdajì rẹ̀, 81, lójú àjò. Bí a bá ka eré kan sí wákàtí méjì àtààbọ̀, ó ju wákàtí 200 lọ lọ́dún kan tí ènìyàn fi ń ròyìn ohun tí kò rí.

## Ṣé irọ́ ni?

Àwọn kan ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú rẹ̀, tiwọn sì mú ọ̀rọ̀ náà díjú. Ní àwọn ọdún 1930, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní rédíò WHO ní Des Moines, ní Iowa, tó ń ròyìn eré Chicago Cubs láti inú tẹlígíráàmù. Akọ̀wé á fún un ní bébà tí wọ́n kọ lẹ́tà bíi mẹ́ta sí, òun á sì sọ ọ́ di eré. Lọ́jọ́ kan wáyà já. Kàkà kó sọ fún àwọn tó ń gbọ́ ọ, ó ní onígi gbá bọ́ọ̀lù síta, ó tún gbá a síta, ó tún gbá a síta, fún ohun tó ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ, títí wáyà fi padà. Ronald Reagan lorúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó sì máa ń sọ ìtàn yìí tẹ̀ríntẹ̀rín nígbà tó ti di Ààrẹ Amẹ́ríkà.

Mo ti ro ó síwá sẹ́yìn, ibi tí mo sì dé nìyí. Àwọn bọ́ọ̀lù tí Reagan ní wọ́n gbá síta yẹn, irọ́ ni. Kò sí ojú kankan níbikíbi láyé tó rí wọn. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí Jarrín ròyìn, ojú Scully rí i. Ẹlẹ́rìí wà, ìránṣẹ́ ló sọ̀rọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni pé bí ìránṣẹ́ bá sọ ọ̀rọ̀ nù, ó ń dúró de ẹni tó rán an, nígbà tí Reagan kò dúró. Òwe wa náà sọ pé ìròyìn ò tó àfojúbà. Kò sọ pé ìròyìn kì í ṣe òtítọ́. "Ò tó" ló wí. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni láti jẹ́ kí ohun tó kù díẹ̀ káàtó yẹn kéré tó bó ṣe lè kéré.

Àgbà tún ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún Jarrín, iṣẹ́ ẹrú ni: ẹ̀rọ sétí, kí o máa sọ ohun tí ẹlòmíràn ti sọ, kò sí owó ọkọ̀ òfuurufú fún ọ. Ó lè jẹ́ ẹ bí ẹrú, kó máa tẹ̀lé Scully bí òjìji, kó máa mí sókè mí sílẹ̀ nígbà tí Scully bá mí. Ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó ní ohùn tirẹ̀, ó ní igbe tirẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ sí ọ̀nà ògiri, á ní, *"Se va, se va, se va... ¡y despídala con un beso!"*, pé ó ń lọ, ó ń lọ, ó ń lọ, ẹ fẹnu kò ó lẹ́nu kí ẹ fi sìn ín sọ́nà. Kò sí èyí nínú Gẹ̀ẹ́sì Scully.

Lẹ́yìn àwọn ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹgbẹ́ rìn, nígbà tó sì di 1973, òun ni ọ̀gá láàárín àwọn tó ń ròyìn ní Sípáníìṣì. Láti 1962 dé 1984, kò pa eré kan jẹ, nǹkan bí 4,000 eré ní títẹ̀léra. Ohun tó dá a dúró ni ìdíje Òlíḿpíìkì 1984 ní Los Angeles, nítorí pé òun ni wọ́n fi ṣe olórí ìròyìn rédíò ní Sípáníìṣì.

## Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ pápá

Àwọn wo ló ń gbọ́ ọ? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Jarrín dúró lórí ìmọ̀ iṣẹ́ nìkan. Àdúgbò mẹ́ta kan wà lórí òkè kan nítòsí àárín ìlú Los Angeles, Palo Verde, La Loma àti Bishop, ibi tí a mọ̀ sí Chavez Ravine. Àwọn ẹbí tó ṣẹ̀ wá láti Mẹ́síkò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ìjọba ìlú ní kí wọ́n kó kúrò, pé àwọn fẹ́ kọ́ ilé fún mẹ̀kúnnù. Wọn kò kọ́ ilé náà. Ní June 1958, àwọn ará ìlú dìbò, ìbò sì gbe àdéhùn tó fi ilẹ̀ náà fún Dodgers. Ní May 1959, ọlọ́pàá fi agbára kó àwọn tó kù jáde, ìdílé Aréchiga lára wọn, níwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n, katakata sì wó ilé wọn. Ní April 10, 1962, wọ́n ṣí Dodger Stadium níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí ọdún náà: 1959. Sáà tí ohùn Jarrín kọ́kọ́ jáde ni wọ́n ń wọ́ àwọn elédè Sípáníìṣì jáde nínú ilé wọn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọ̀pọ̀ ìdílé búra pé ẹsẹ̀ àwọn kò ní tẹ pápá yẹn láé, mi ò sì rí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi. Bí ènìyàn bá ní rédíò ló tán ìbínú yẹn, kò mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí. Ohun tí rédíò lè ṣe kéré sí ìyẹn, ó sì tọ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe mọ: ó wọlé tọ àwọn tí kò ní fẹsẹ̀ ara wọn wọ pápá, ó jókòó tì wọ́n ní kíṣíìnì, ó sì fi èdè tí ìyá wọn fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún bá wọn sọ̀rọ̀ lálaalẹ́. Wọ́n lè pa á, wọ́n lè jẹ́ kó máa sọ.

## Orúkọ wo la ó máa pè é?

Èdè Sípáníìṣì tó wà ní Los Angeles kì í ṣe ọ̀kan. Ọmọ Mẹ́síkò, ọmọ Kúbà, ọmọ El Salvador àti ọmọ Nicaragua ń gbọ́ rédíò kan náà, kálukú sì ní orúkọ tó ń pe nǹkan. Bọ́ọ̀lù tó kọjá ògiri lè jẹ́ *jonrón*, tí wọ́n kàn gbé Gẹ̀ẹ́sì sínú ẹnu Sípáníìṣì; ó lè jẹ́ *cuadrangular*, nítorí igun mẹ́rin tí onígi yóò sáré yí ká; ó lè jẹ́ *vuelacerca*, èyí tó fò kọjá ọgbà. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá ni *jardinero*, olùtọ́jú ọgbà òdòdó. Ajubọ́ọ̀lù lè jẹ́ *lanzador* lẹ́nu ẹnìkan, kó jẹ́ *pícher* lẹ́nu ẹlòmíràn.

Jarrín tó wá láti Ecuador, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń pe èyíkéyìí nínú wọn, ní àǹfààní kan tí ó ṣeé ṣe kí a má kíyè sí: kò ní ẹ̀ka èdè béèsìbọ́ọ̀lù tirẹ̀ tó máa gbè lẹ́yìn. Ó yan Sípáníìṣì tó mọ́, tó lọ́ra díẹ̀, tí gbogbo wọn á gbọ́. Àwọn tó bá ti gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní Yorùbá tí ará Ìjẹ̀bú, ará Èkìtì àti ará Ọ̀yọ́ á jọ gbọ́ láìsí pé ẹnì kan fa ojú ro mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe wúwo tó.

Lápá kejì, Felo Ramírez wà, ọmọ Bayamo ní Kúbà, tí wọ́n bí ní 1923, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rédíò ní 1945. Ó ròyìn béèsìbọ́ọ̀lù fún ohun tó ju 70 ọdún lọ, ó sì parí rẹ̀ sí Miami pẹ̀lú ẹgbẹ́ Marlins, níbi tí àwọn ọmọ Kúbà kún fọ́fọ́. Òun àti Buck Canel, tí wọ́n bí ní Argentina, jọ ròyìn lórí ètò Cabalgata Deportiva Gillette, tí gbogbo Látìn Amẹ́ríkà ń gbọ́. Canel ló máa ń sọ pé, *"¡No se vayan, que esto se pone bueno!"*, ẹ má lọ o, eré ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dùn. Ní 2017, Ramírez ṣubú nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia. Ẹni ọdún 93 ni, ẹnu iṣẹ́ ló ṣì wà. Ó kú ní August ọdún náà.

## Ọmọ Etchohuaquila

Ní April 9, 1981, ajubọ́ọ̀lù tí Dodgers fẹ́ lò lọ́jọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sáà fara pa. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún Fernando Valenzuela, ọmọ ogún ọdún láti Etchohuaquila, abúlé kan ní Sonora ní Mẹ́síkò. Ó borí Houston 2 sí 0. Ó borí eré mẹ́jọ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní títẹ̀léra, tí ẹgbẹ́ tó bá pàdé nínú márùn-ún lára wọn kò gba àmì ayò kankan. Nígbà tí sáà náà fi parí, ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ ẹni tuntun tó dára jù àti Cy Young ti ajubọ́ọ̀lù tó dára jù lọ́dún kan náà. Kò sí ẹlòmíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tí kò fẹ́ rí pápá Chavez Ravine sójú bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè náà.

Valenzuela kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú tí Dodgers bá ti dé, àwọn oníròyìn á kún yàrá, Jarrín ni yóò sì jókòó tì í. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti 1959 wá yí padà bìrí. Tẹ́lẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ẹlòmíràn ló ń sọ di Sípáníìṣì. Nísinsìnyí, Sípáníìṣì ọmọkùnrin yìí ló ń sọ di Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ Valenzuela kò pọ̀. Ìdẹwò ògbufọ̀ nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni kó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, nítorí pé oníròyìn tó béèrè ìbéèrè gígùn kì í fẹ́ ìdáhùn ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó sí sítúdíò, tó kọ́ láti má ṣe sọ ju ohun tó gbọ́ lọ, ti gbára dì fún ìdẹwò yẹn. Ní June ọdún náà, White House pe Valenzuela wá jẹun ọ̀sán. Reagan onítẹlígíráàmù ló wà nípò Ààrẹ.

Ní 2003, Valenzuela padà sọ́dọ̀ Dodgers. Lọ́tẹ̀ yìí, ìdí gbohùngbohùn rédíò Sípáníìṣì ni wọ́n fi í sí, pẹ̀lú Jarrín àti Pepe Yñiguez, ọmọ Mẹ́síkò. Ọmọ tí Jarrín máa ń gbẹnu sọ fún ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ajubọ́ọ̀lù kan bá wà nínú ìṣòro, Yñiguez tàbí Jarrín á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, Valenzuela á wá sọ ìdí rẹ̀: ìka tó fi di bọ́ọ̀lù, ibi tí èjìká yí sí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì pọ̀ síbẹ̀. Jorge, ọmọ Jarrín, náà wá bá bàbá rẹ̀ jókòó fún ọdún mélòó kan.

Jarrín fẹ̀yìn tì ní òpin sáà 2022, ó ku oṣù díẹ̀ kó pé ẹni ọdún 87. Scully ti kú ní August ọdún yẹn. Ní 2023, líìgì gbé aago kan kalẹ̀ tó fún ajubọ́ọ̀lù ní ìṣẹ́jú àáyá 15 láti ju bọ́ọ̀lù bí kò bá sí ẹnikẹ́ni lórí béèsì. Àlàfo tí ògbufọ̀ ń gbé inú rẹ̀ nígbà kan ti dín kù.

Valenzuela kú ní October 22, 2024. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìdíje World Series bẹ̀rẹ̀ ní Dodger Stadium. Wọ́n kọ 34, nọ́ńbà ẹ̀wù rẹ̀, sí ẹ̀yìn òkìtì tí ajubọ́ọ̀lù máa ń dúró lé. Orel Hershiser àti Steve Yeager, tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù nígbà kan, rìn lọ sórí òkìtì náà, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù kan kalẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì padà. Ẹnikẹ́ni kò jù ú.